Ta Ló Wà Níbẹ̀ Tó Ka Ọdún Náà? Ìdáhùn sí Bàbá Kan ní Èbúté-Mẹ́ta

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ń gbé ní Èbúté-Mẹ́ta, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ọmọ ọmọ mi kà á sí mi létí pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan lókè ọ̀run, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà fún bílíọ̀nù 13.4 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ tó ka ọdún náà, kò rí èsì fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ṣé kì í ṣe nǹkan kékeré kan tó wà nítòsí ni wọ́n rí, tí wọ́n sọ di ńlá? Ṣé èmi náà sì lè rí i láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa?”

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí ẹ bi ọmọ yẹn gẹ́lẹ́ ni àwọn tó kọ́kọ́ rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà ń bi ara wọn fún oṣù púpọ̀. Wọn ò gbà pé òótọ́ ni, àfi ìgbà tí wọ́n rí ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún yín, kó lè yé yín débi tí ẹ̀yin fúnra yín á fi dá ọmọ náà lóhùn.

Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó kà fún yín, JADES-GS-z14-0 ni. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní galaxy, tí ìràwọ̀ àìmọye pọ̀ sójú kan nínú rẹ̀. JADES ni orúkọ iṣẹ́ ìwádìí tó rí i. GS ń tọ́ka sí abala kan ní ìhà gúúsù ojú ọ̀run, z14 sì jẹ mọ́ bó ṣe jìnnà tó, a máa dé orí ìyẹn láìpẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n kéde rẹ̀. Lára àwọn tó léwájú ni Stefano Carniani, tó ń ṣiṣẹ́ ní Scuola Normale Superiore nílùú Pisa ní Ítálì, àti Kevin Hainline ti Yunifásítì Arizona ní Amẹ́ríkà. Iye ọdún tí ọmọ yín kà, inú ìròyìn kejì ló ti jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ mìíràn pátápátá yẹ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà wò.

Ìmọ́lẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó ń sáré nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, síbẹ̀ ọ̀nà lè jìn fún un. Oòrùn tí ẹ ń wò nírọ̀lẹ́ tó ń wọ̀ lọ lẹ́yìn Sùúrùlérè, bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn lẹ ń rí. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí wa tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ń rí lára rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Iṣẹ́ tó kù ni láti mọ bó ṣe jìnnà tó, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Ẹ ò lè fi bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó mọ bó ṣe jìnnà tó. Bí ẹ bá dúró létí ọ̀sà lóru, tí ẹ rí iná kan tó ń ṣẹ́jú lókèèrè, àtùpà apẹja tó wà nítòsí lè ni, iná ọkọ̀ ojú omi ńlá tó jìnnà sì lè ni. Báyìí náà ni lójú ọ̀run. Ìdí nìyí tí iyèméjì yín fi tọ́. Ká ní bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ yìí ṣe ń mọ́ fírífírí nìkan ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ pé ó jìnnà, èmi náà ò ní gbà á.

Ohun tí wọ́n wò ni òṣùmàrè rẹ̀.

Ẹ bá mi wá sídì fíìmù àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri Ìdúmọ̀tà nígbà kan. Ẹ tan àbẹ́là nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ kọ ojú sídì náà tó ń dán sí i, kí ẹ sì máa rọra yí i títí òṣùmàrè á fi yọ lára rẹ̀. Àwọ̀ á tò tẹ̀ léra láti pupa títí dé àwọ̀ aró, láìsí àlàfo kankan láàárín wọn. Ẹ wá pa àbẹ́là, kí ẹ tan gílóòbù funfun tó lọ́ pọ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní energy saver. Òṣùmàrè tiẹ̀ á já sí wẹ́wẹ́: ilà pupa kan, ilà àwọ̀ ewé kan, ilà aró kan, òkùnkùn á sì là wọ́n láàárín. Ohun tó wà nínú gílóòbù náà ló pinnu ibi tí ilà kọ̀ọ̀kan máa wà, kì í yẹ̀. Mo máa ń ṣe é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Yaba. Bí wọ́n bá rí i pé iná méjì tí ojú lásán kà sí ọ̀kan náà kò jọra rárá lára sídì, ariwo ni wọ́n máa ń pa. Láti ìgbà yẹn lọ, ó ti yé wọn pé èèyàn lè mọ ohun tó ń jó láìfi ọwọ́ kàn án.

Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì. Ti àwọ̀ aró kúrú, ti pupa gùn jù ú lọ. Èyí tó gùn kọjá pupa, ojú èèyàn ò rí i mọ́. Òun ni wọ́n ń pè ní infrared, òun náà ni rìmóòtù fi ń rán tẹlifíṣọ̀n yín níṣẹ́. Èyí tó kúrú kọjá àwọ̀ aró, ojú wa ò rí ìyẹn náà. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ kúkúrú yìí ni àmì kan wà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fẹ́ràn jù. Gáàsì háídrójìn ló pọ̀ jù lọ nínú àgbáálá ayé, nígbà tí àgbáálá ayé sì ṣì wà ní ọmọdé, gáàsì yìí kún gbogbo àyíká àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ pátápátá. Kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò tó 121.6 nánómítà kọjá. Nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Èyí tó gùn ju ìyẹn lọ ń kọjá, èyí tó kúrú jù ú lọ, gáàsì náà ti gbé e mì. Tí ẹ bá wo òṣùmàrè irú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dá wáí, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

A mọ iye yẹn, 121.6, dájúdájú, nítorí pé a lè wọ̀n ọ́n lórí tábìlì nínú yàrá ìwádìí níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo òṣùmàrè JADES-GS-z14-0, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dá wà ní nǹkan bí 1,860 nánómítà. Ó ti kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó ti sún lọ sínú infrared. Ẹ fi 121.6 pín 1,860, ẹ máa rí nǹkan bí 15.3. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ti gùn ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju bó ṣe rí nígbà tó gbéra.

Kí ló fà á gùn? Àlàfo tó wà láàárín àwa àtòun ni. Vesto Slipher ti Lowell Observatory ní Arizona ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn irú ìyípadà yìí láti ọdún 1912. Georges Lemaître, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣàlàyé ní 1927 pé àgbáálá ayé fúnra rẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i. Ní 1929, Edwin Hubble fi hàn pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fà gùn tó. Ìgbì tó bá gba inú àlàfo tó ń fẹ̀ kọjá, òun náà á máa fẹ̀ lọ́nà. Ìwọ̀n fífẹ̀ yìí ni lẹ́tà z inú orúkọ yẹn dúró fún. Wọ́n kàn máa ń yọ 1 kúrò lára rẹ̀ ni: 15.3 di 14.3.

Nítorí náà, Bàbá, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó ń ka ọdún. Ìmọ́lẹ̀ náà ló gbé àmì ìrìn àjò rẹ̀ dání dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí ló tún jẹ́ ká mọ ìdí tí wọn ò fi rí i tẹ́lẹ̀. Awò awọ̀nàjíjìn Hubble ti tẹjú mọ́ àdúgbò ojú ọ̀run yẹn láti 2003 wọ 2004, ó sì rí nǹkan bí 10,000 ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ nínú abala kékeré kan. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó gùn ju nǹkan bí 1,700 nánómítà lọ, Hubble ò lè rí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ JADES-GS-z14-0 ti bẹ̀rẹ̀ ti kọjá ibi tí ojú Hubble parí sí. Bí wọ́n bá ní kó wò ó fún ọdún mẹ́wàá, òkùnkùn ni ì bá rí.

Awò awọ̀nàjíjìn tuntun kan, James Webb, ló ṣí ọ̀nà náà. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021 ni wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbé e gbéra ní Kourou, ní French Guiana. Ó wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa báyìí, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin jíjìnnà òṣùpá. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ti Hubble ò ju 2.4 lọ. Ẹyọ dígí 18 ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n sì fi wúrà fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bo ojú wọn nítorí wúrà máa ń dá infrared padà dáadáa. Ohun tó wú mi lórí jù lára rẹ̀ ni aṣọ onípele márùn-ún tí wọ́n ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì. Ohunkóhun tó bá gbóná ló ń tan infrared. Ara yín ń tan án bí ẹ ṣe jókòó yẹn. Bí ẹ̀rọ náà bá gbóná, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò bo ti ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Aṣọ yìí ló ń dí oòrùn, tí òtútù ìhà kejì fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 233 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Celsius.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, nígbà tí kámẹ́rà Webb ya JADES-GS-z14-0, wọn ò gbà á gbọ́. Ó ní ìdí.

Nínú àwòrán, tóótòótó pupa kan ni. Kámẹ́rà náà máa ń ya ojú ọ̀run láti inú oríṣiríṣi gíláàsì aláwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí ìwọ̀n ìgbì kan kọjá. Nínú àwọn tó wà fún ìgbì kúkúrú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òfo ni. Nínú àwọn tó wà fún ìgbì gígùn, ó yọ. Ìyẹn bá ti ohun tó jìnnà réré mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó tóbi jù ú lọ wà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ara ìyẹn ni tàbí ohun tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni; àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀rọ̀ yẹn bá èyí mu wẹ́kú. Lójú wa, àgùàlà àti òṣùpá jọ wà pọ̀, bẹ́ẹ̀ òṣùpá wà ní nǹkan bí 384,000 kìlómítà, àgùàlà kì í sì í súnmọ́ wa ju nǹkan bí mílíọ̀nù 38 kìlómítà lọ. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjèèjì yìí náà, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n bọ́ sí lójú wa ni, èyí tó tóbi wà níwájú níbí, JADES-GS-z14-0 wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún réré.

Ìdí kejì ni pé ó mọ́lẹ̀ jù. Ìṣirò tí wọ́n ní kí Webb tó gbéra kò retí kí nǹkan tó jìnnà báyẹn mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí kẹta ni pé àwòrán nìkan ti tan àwọn onímọ̀ jẹ rí, kò sì pẹ́ rárá. Ní 2022, àwòrán Webb gbé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan jáde, CEERS-93316, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ohun tí z rẹ̀ tó 16. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo òṣùmàrè rẹ̀ ní 2023, z rẹ̀ ò ju 4.9 lọ. Eruku tó wà nínú rẹ̀ àti ilà ìmọ́lẹ̀ líle tó bọ́ sínú àwọn gíláàsì kan ló mú kó fi àwọ̀ ohun tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló fọwọ́ ara wọn tú àṣírí náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà. Èmi ò mọ ohun mìíràn tó lè mú mi fọkàn tán wọn ju ìyẹn lọ.

Torí náà ni wọ́n ṣe padà lọ síbi JADES-GS-z14-0. Wọ́n tún ya àwòrán tó jinlẹ̀ sí i nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, ó sì dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n darí ẹ̀rọ mìíràn tó wà nínú Webb sí i, NIRSpec. Iṣẹ́ NIRSpec ni ohun tí sídì yín ṣe: láti tú ìmọ́lẹ̀ sí òṣùmàrè. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kún fún ìràwọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn bá jọ wọlé, wọ́n á pọ̀ mọ́ra. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi nǹkan bí 250,000 fèrèsé síwájú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹni tó wà nílé ayé ló ń fi kọ̀ǹpútà pàṣẹ èyí tó máa ṣí àti èyí tó máa wà ní títì. Wọ́n ṣí àwọn tó dojú kọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n ti àwọn yòókù.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́wàá tí NIRSpec fi ń kó ìmọ́lẹ̀ tóótòótó yẹn jọ. Bí ẹ bá rí àwòrán ohun tó jáde, ẹ lè kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Láti ọwọ́ òsì, dúdú ni, àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó dúdú lọ, ó dúdú lọ, títí dé nǹkan bí 1,860 nánómítà. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì ń bá a lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, tó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà nítòsí tí eruku bò kì í dá wáí báyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀, z jẹ́ 14.32.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ó ti dáa. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sọ ọ́, àmì kan ṣoṣo ló sì gbára lé. Ibi tí ìròyìn ọdún 2025 ti wọlé nìyí, òun ló sì jẹ́ kí n lè sọ fún yín láìṣiyèméjì pé òótọ́ ni.

Ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, lórí òkè Chajnantor tó ga tó nǹkan bí 5,000 mítà, wọ́n to àwo ńlá 66 tó dà bíi ti sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ojú kan. ALMA ni wọ́n ń pè é. Ìgbì tó gùn ju infrared Webb lọ fíìfíì ló ń gbà, èyí tó tó mílímítà díẹ̀ tàbí kí ó dín. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ mì. Ẹ gbé ALMA wá sí Èkó, pẹ̀lú ọ̀rinrin ọ̀sà àti òkun tiwa, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò rí. Ìdí tí wọ́n fi lọ síbi gíga tó gbẹ táútáú nìyẹn.

Ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ló lo ALMA fún ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ yìí, tí wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní àsìkò kan náà: ọ̀kan tí Sander Schouws ti Leiden ní Netherlands léwájú rẹ̀, èkejì tí Carniani léwájú. Wọn ò wá háídrójìn. Ọ́síjìn ni wọ́n ń wá. Ọ́síjìn tó bá gbóná lójú ọ̀run máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 0.08836 mílímítà, kò sì í yí padà. Wọ́n rí i ní 1.341 mílímítà. Ẹ fún ọmọ ọmọ yín ní bírò kó fi ọ̀kan pín èkejì: nǹkan bí 15.18 ló máa rí. Háídrójìn ti sọ 15.3, ọ́síjìn sọ 15.18. Àmì méjì tí kò jẹ mọ́ra, ẹ̀rọ méjì tí kò jọra, ọ̀kan lójú òfuurufú, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn náà ní àlàyé: háídrójìn tó yí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà ká pọ̀ gan-an, ó sì rọ etí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dá, ó mú kó sún díẹ̀ sí i. Ilà ọ́síjìn kò ní irú ìṣòro yẹn, nítorí náà tirẹ̀ ni wọ́n ń lò báyìí. Ìwọ̀n náà péye débi pé àṣìṣe inú rẹ̀ kò ju 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ó wá kan ọdún, níbi tí ìbéèrè yín ti le jù. Mo fẹ́ kí ẹ ya ohun tí a wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ṣírò. Ohun tí a wọ̀n ni 15.18. Ọdún jẹ́ ìṣirò: a ní láti mọ bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí àgbáálá ayé ṣì gbóná, tó ṣì ń bọ̀ láti gbogbo ìhà ọ̀run títí dòní. Sátẹ́láìtì Planck wọ̀n ọ́n fínnífínní láàárín 2009 sí 2013, láti inú rẹ̀ ni a ti rí i pé ọjọ́ orí àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Ẹ fi 15.18 sínú ìṣirò náà, ó máa gbé yín dé ìgbà tí ọjọ́ orí àgbáálá ayé kò tíì pé 300 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn kan á kọ 13.4, àwọn mìíràn á kọ 13.5 fún ìrìn àjò ìmọ́lẹ̀ náà. Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ tó wà nínú ìṣirò ni, kì í ṣe pé ẹnì kan ń purọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí àlàfo ṣe ń yára fẹ̀ tó lóde òní, ìyẹn sì lè sún ọdún náà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Kò lè sọ ohun tó jìnnà báyìí di ohun tó wà nítòsí.

Kì í ṣe nǹkan kékeré o, Bàbá. Ó fẹ̀ ju 1,600 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ yóò sáré fún ọdún tó ju 1,600 lọ kó tó la inú rẹ̀ kọjá. Ìṣùpọ̀ tiwa, tí oòrùn wà nínú rẹ̀, tó nǹkan bí 100,000. Fún ohun tó wà nígbà yẹn, ó tóbi gan-an, àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ sì wúwo tó oòrùn lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Fífẹ̀ rẹ̀ yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìràwọ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ká ní ihò dúdú kan tó ń gbé gáàsì mì ló ń tan án, ìmọ́lẹ̀ náà ì bá kóra jọ sójú kan.

Ọ́síjìn yẹn ló ṣì ń jẹ́ kí n máa ronú. Ọ́síjìn ò sí nígbà ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ìràwọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dàgbà, kó kú, kó tú ohun inú rẹ̀ sójú òfuurufú kí ọ́síjìn tó lè tàn ká bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kí àgbáálá ayé tó pé 300 mílíọ̀nù ọdún, ìràwọ̀ kan ti bí, wọ́n ti kú, àwọn mìíràn ti dìde lẹ́yìn wọn níbẹ̀. Irú àwọn ohun tó wúwo ju háídrójìn àti hílíọ̀mù lọ yìí pọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń da ìṣirò àwọn onímọ̀ rú lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì tíì yanjú. Wọ́n tiẹ̀ ti rí èyí tó tún jìnnà jù ú lọ láti ìgbà yẹn: MoM-z14, tí wọ́n kéde ní 2025, z tirẹ̀ jẹ́ 14.44.

Ní ti pé kí ẹ rí i láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín: ẹ lè rí ibi tó wà, ẹ ò lè rí òun fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ìràwọ̀ tó mọ́ fírífírí jù tí ojú wa lè rí lọ ní ohun tó lé ní ìgbà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, infrared sì ni. Ṣùgbọ́n apá ọ̀run yẹn, tí wọ́n ń pè ní Fornax, máa ń gba orí Èkó kọjá. Ní ìparí oṣù kọkànlá, tí aago bá ti súnmọ́ méjìlá òru, ẹ kọjú sí gúúsù, ìyẹn ni kí ẹ máa wo àárín Àpápá àti Ìdúmọ̀tà, kí ẹ sì gbójú sókè díẹ̀ kọjá ìdajì láti ilẹ̀ sí àtàrí. Ibẹ̀ ni. Ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ kò mọ́lẹ̀ rárá, nítorí náà kó má yà yín lẹ́nu bó bá dà bíi pé òfo lẹ ń wò. Àwọn awò ńlá ayé fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé ìràwọ̀ tiwa tó lè dí wọn lójú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó yàtọ̀ sí tiwa, ìyẹn ṣeé ṣe, kì í kàn án ṣe láti Èbúté-Mẹ́ta. Iná títì àti ti jẹnẹrétọ̀ ò ní gbà. Ẹ lọ sí abúlé kan lójú ọ̀nà Badagry tàbí lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ní àárín oṣù kọkànlá, lálẹ́ tí kò sí òṣùpá. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ gbójú sókè kọjá ìdajì. Ẹ máa rí ohun funfun kan tó dà bí èéfín, tí etí rẹ̀ ò mọ́ kedere. Andromeda nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti rìn fún mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún. Ẹ fún ojú yín ní bí ogún ìṣẹ́jú kó mọ́ òkùnkùn lára kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bí ẹ bá rí bínókúlà yá, ẹ mú un dání. Ẹ má sì jẹ́ kó di oṣù kejìlá, torí ìgbà yẹn ọyẹ́ lè ti bo ojú ọ̀run.